Kámẹ́rà Inú Ọ̀rá

Wọ́n bá òkú Àjànàkú-Kan-Ṣoṣo ní ìjókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá òtútù. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n: ọkùnrin orí tẹlifíṣọ̀n tó ń dá la aṣálẹ̀ já, tó ń dá gun òkè yìnyín, tó sì ń bọ̀ láàyè. Yàrá tí ẹ̀rọ ń mú tutù lẹ́yìn ọ́fíìsì yìí ni wọ́n ti ń parí àwọn ìran òkè yìnyín. Aṣálẹ̀ kò rí i pa; ẹ̀yìn ilé ló kú sí.

Ìta nìkan ni ìdábùú ilẹ̀kùn náà wà. Wọ́n sì ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ sọ́wọ́ ìyá agbálẹ̀.

"Ìyá yìí ló máa ń ti ibẹ̀," ni olùdarí ètò wí.

"Títì ni mo bá a, ọ̀gá," ni ìyá náà sọ, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbo ló ń já lé orí alábahun."

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Awòye yíjú sí ayàwòrán, àbúrò olóògbé. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ilé ni mo wà lánàá. Kámẹ́rà ò jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ṣí kọ́bọ́ọ̀dù."

Kámẹ́rà wà nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu pinpin. Pákó abẹ́ rẹ̀ rin gbindin.

"Kí ni ọ̀rá wà fún?" Awòye bi olùdarí.

"Àṣà iṣẹ́ wa ni. Bí kámẹ́rà bá ti inú òtútù bọ́ sínú ooru, ìrì á bo ojú rẹ̀. Inú òtútù lọ́hùn-ún la ti ń wé e, kí ìrì lè dúró sára ọ̀rá. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, a tú u."

Olùdarí wo ayàwòrán.

"Lóòótọ́ ni," ni Awòye wí. "Kámẹ́rà tó sùn sí kọ́bọ́ọ̀dù kì í wọ ọ̀rá, kì í sì í kán omi. Àná ló jáde nínú yàrá yẹn. O pa ẹ̀gbọ́n rẹ, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ ò gbàgbé iṣẹ́."

Ayàwòrán ò sẹ́.

"Wọ́n ní ó ń dá rìn. Ta ló ń yà á? Èmi ni mò ń fẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀ lórí yìnyín, kámẹ́rà léjìká. Ìka ẹsẹ̀ mi méjì tí òtútù jẹ ṣì ń bẹ lókè yẹn. Lánàá ó ní kí n ya òun níbi tí òun á ti sọ fáráyé pé òun ò lẹ́nìkan. Mo ní, ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Mo wé kámẹ́rà, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ kó dá rìn lẹ́ẹ̀kan péré."

Awòye tú ọwọ́ ìyá agbálẹ̀. "Ìyá, ẹ máa lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ta ló máa nu omi yìí?" ni ìyá náà bi í.

Kí ṣẹkẹṣẹkẹ tó kàn án, ayàwòrán tú ọ̀rá náà, ó gbé kámẹ́rà wò. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Kò sí ìrì lójú kámẹ́rà, kò sì sí omijé lójú ẹni tó gbé e dání.