Fèrèsé Kejìlá

Fèrèsé mọ́kànlá ni Jamaldeen ti gbé gíláàsì sí nínú ilé tuntun náà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ìkejìlá wà lókè, ní yàrá ẹ̀yìn. Láàárọ̀ ni ìyá onílé ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ dí i.

"Fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Najeem wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ibẹ̀ ni Najeem máa gbà wọlé."

Najeem ni ọmọ rẹ̀ tó lọ ṣe káfíńtà ní Abíjàn, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ ilé náà. Nínú fọ́tò rẹ̀ tó wà ní pálọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ní ọmọńdinrín. Ẹ̀rọ ìlagi ló gé e. Jamaldeen ò béèrè ìdí tí ẹni tó ní ilẹ̀kùn yóò fi máa gba ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti rò ó.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ń gun ọ̀kadà láti Èjìgbò. Ẹ̀yìn ń ro ó. Ara kì í ṣe òkúta.

Nírọ̀lẹ́, òjò ṣú. Ike pẹlẹbẹ kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí wọ́n fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò níwájú àti lẹ́yìn kó má baà ha. Bí òjò bá fọ ọ̀dà ara ògiri, wọn á ní kò mọṣẹ́. "Màá yọ ọ́ lọ́la," ló wí fún ara rẹ̀. Ó gbé ike náà sójú fèrèsé, ó jẹ́ kí ojú kan ṣoṣo tí wọ́n kọ̀wé búlúù sí lórí ọ̀rá rẹ̀ kọ sínú yàrá, ó sì fi sílíkóónì dí etí rẹ̀ yíká.

Kò tíì kó irinṣẹ́ tán tí nǹkan fi kan ike náà. Kọ́, kọ́, kọ́. Jẹ́jẹ́ ni. Ó yíjú, kò rí ẹnì kankan. Òkè ló wà, kò sì sí àkàbà níta. Ó tún dún, ó yá ju tàkọ́kọ́ lọ, bí ẹni tí èémí ń tán nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í. Ó fi ọ̀bẹ gé sílíkóónì tí kò tíì gbẹ, ó yọ ike náà. Atẹ́gùn tútù kan fẹ́ kọjá létí rẹ̀.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ìyá ti bu àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Abíjàn, sí àwo méjì.

"Ìyá, ẹ má bínú. Mo dí i díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti yọ ọ́. Ṣé Najeem ti wà lọ́nà ni?"

"Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti sin ín sí Abíjàn," ni ìyá wí. "Mi ò fojú kàn án. Ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fi ojú fèrèsé sílẹ̀. Ó sì wá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè." Ó tẹ́tí sókè. "Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́."

Jamaldeen wo ike tó wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀rá, níbi tí ọwọ́ èèyàn ò lè dé, àmì àtẹ́lẹwọ́ kan wà, ọlọ́mọ-ìka mẹ́rin. Ó yí i síbi iná. Ojú tí wọ́n kọ̀wé búlúù sí ni.

Inú yàrá ló ti ń kànkùn. Jamaldeen ló sé e mọ́lé, òun náà ló sì ṣí ojú fèrèsé fún un kó lọ.

Ìyá ti àwo kejì síwájú díẹ̀. "Bá mi pè é, ọmọ mi," ló wí. "Oúnjẹ rẹ̀ ń tutù."