Dígí Lẹ́nu Kànga

Ẹ̀rọ omi tún wúkọ́. Ó fa omi díẹ̀ sínú táǹkì, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Kúnbi, ọmọ onílé, pa á, ó pòṣé.

"Kànga yìí ti gbẹ," ló wí. "Ìyá Abdulhameed ti fi fọ aṣọ gbogbo Mafoluku tán."

Salimat, ọmọ ayálégbé kan, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ju korobá ìfami sínú kànga kan náà. Nígbà tó fà á sókè, ó kún dé ẹnu, omi ń dà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó wo korobá, ó wo ẹ̀rọ.

"Kúnbi, omi wà níbẹ̀ o."

"Panu ẹ mọ́ jàre. Dádì mi fẹ́ bá àwọn ayálégbé ṣèpàdé nírọ̀lẹ́ yìí. Àbí o fẹ́ máa tò lẹ́yìn aṣọ obìnrin yẹn títí?"

Òótọ́ ni pé títò náà ti sú Salimat. Alágbàfọ̀ ni Ìyá Abdulhameed, opó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń to bàsíà yí ẹnu kànga ká, ẹni tó bá ń lọ sí ilé ìwé á sì dúró dè é. Nítorí náà, nígbà tí onílé pe gbogbo ilé jọ, Salimat panu mọ́. Ìyá rẹ̀ gan-an, onídìrí, ló pariwo jù.

"Obìnrin kan ṣoṣo ló ń lo omi gbogbo wa tán," ni Ìyá Salimat wí.

"Aṣọ ni mo ń fọ̀, n kò mu kànga," ni Ìyá Abdulhameed fèsì. "Ẹni tó bá fa omi láàárọ̀ yìí, kó sọ bóyá korobá rẹ̀ kún tàbí kò kún."

Ojú rẹ̀ dúró lára Salimat. Kúnbi fi ìgúnpá gún Salimat. Salimat wo ilẹ̀.

Onílé ní Ìyá Abdulhameed kò gbọdọ̀ fa omi kànga náà mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà ti ń ru aṣọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta omi ní òpópónà kejì. Aṣọ ń pẹ́, inú ń bí àwọn oníbàárà. Àwọn kan wá kó aṣọ wọn ní tútù, wọn kò padà wá. Síbẹ̀ ẹ̀rọ kò yé wúkọ́. Onílé ní Ìyá Abdulhameed ti ba kànga jẹ́ kí àwọn tó dá a dúró ni. Ó ní kó wá ilé mìíràn.

Inú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni Salimat ti gbọ́ èyí, níbi tó ti ń gbálẹ̀. Oòrùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó bà lé dígí gbọọrọ tí àwọn tó ń dirun fi ń wojú, ìmọ́lẹ̀ sì ta lára dígí lọ sí kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ àga. Salimat rí òòyà tí ìyá rẹ̀ ti wá tì níbẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbé dígí yìí dé ilé."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ wo inú kànga."

"Ṣé orí ẹ pé? Tó bá fọ́ ńkọ́?"

"Omi ò tán nínú kànga yẹn, Màámi. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. N kò sọ ni."

Ìyá rẹ̀ ju òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbá apá kan dígí náà mú. "Di apá kejì mú. Tó bá fọ́, ìwọ ni n ó tà."

Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n délé. Àwọn ará ilé jáde wá wòran, onílé náà jáde. Tìyá tọmọ na dígí sórí ẹnu kànga, wọ́n ń yí i. Ìmọ́lẹ̀ gba ara ògiri, ó gba ojú Kúnbi, lẹ́yìn náà ó wọ inú kànga.

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Òkùnkùn nìkan ni wọ́n ti mọ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fa omi rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lára kọ̀ǹkéré, ó kọjá lára àwọn ewé wẹ́wẹ́ tútù tó hù sí i, ó dé ojú omi, ó sì wọ inú omi lọ títí dé iyanrìn funfun nísàlẹ̀. Iyanrìn náà ń ru sókè lójú kan, ó ń balẹ̀, ó tún ń ru, níbi tí omi ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń mí. Kò dúró rárá.

Onílé ṣí fìlà lórí.

"Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ," ló wí jẹ́jẹ́. "Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí. N kò rí inú rẹ̀ rí."

Ìyá Abdulhameed ti dé ẹ̀yìn wọn, bàsíà lórí. Ó yọjú wò. "Subhanallahi," ló wí.

"Kúnbi, tan ẹ̀rọ," ni Salimat wí. Ẹ̀rọ wúkọ́. "Ó yá, pa á."

Nígbà náà ni wọ́n rí i. Lókè ojú omi, níbi tí wọ́n ti so páìpù méjì pọ̀, omi ń kán bọ́ láti ara páìpù, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sì ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀ kó tó balẹ̀.

"Páìpù ló là," ni Salimat wí. "Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́."

Púlọ́ńbà pààrọ̀ ibi tó là. Ẹ̀rọ kò wúkọ́ mọ́, táǹkì kún dà sílẹ̀. Onílé ní kí Ìyá Abdulhameed má lọ mọ́. Ìyá Salimat fúnra rẹ̀ gbé omi bàsíà kan lọ sí yàrá ẹ̀yìn, Salimat tẹ̀ lé e.

"Ìyá Abdulhameed, ẹ má bínú. Mo pariwo láì wo kànga."

"Ẹnu lẹ fi fa omi rẹ̀ gbẹ," ni obìnrin náà wí. Ó gba omi náà. Kò rẹ́rìn-ín.

Salimat kúnlẹ̀. "Ẹ bèèrè lójú gbogbo ilé, mà. N kò dáhùn."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ìwọ ni mo ń wò."

Okùn tí Ìyá Abdulhameed ń sá aṣọ sí máa ń kún láti ògiri dé ògiri tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ìdajì rẹ̀ ṣófo. Àwọn oníbàárà tó lọ kò padà, dígí kò sì lè dá wọn padà. Salimat ń kọjá lábẹ́ okùn náà bó bá ń lọ sí ilé ìwé láràárọ̀. Bí o bá mọ òótọ́ tó lè gba ẹnì kan sílẹ̀, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè. Bí o bá sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ó ṣì dára, ṣùgbọ́n ẹni yẹn á ti jìyà.