Sátidé Tí A Ń Lọ Tẹ Bíréèkì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ọláṣùpọ̀, abẹ́ ọkọ̀ bàbá mi ló wà. Ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo rí: bàtà ọ̀tún dúdú, ti òsì búráùn. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí," ni ohùn kan wí lábẹ́ ọkọ̀. "Ẹ má fi bàtà mi ṣẹ̀sín. Oríṣi méjì ni mo ní, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló kù nínú wọn."

Súrùlérè là ń gbé, lọ́dún 1976. Bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Bọ́lárìnwá, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Píjò 504 ni wọ́n sì fi owó ìfẹ̀yìntì wọn rà. Wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn ju èmi Hilda ọmọ wọn lọ, n kò purọ́. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n á fi tapólì bò ó pẹ̀lú omi lára, ó di ọjọ́ Ìsinmi kí ó tó tún rí títì. Ìyẹn ni bíréèkì iwájú fi ń ké bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha ìkòkò.

"Ìpẹtà ni, Bàbá," ni Ọláṣùpọ̀ wí nígbà tó jáde. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Múṣin ló ti ń ṣe mẹkáníìkì. "Àwo irin tí bíréèkì ń dì mú yìí, kò ní ọ̀dà lára. Tí omi bá sùn sí i lára, á dípẹtà. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ má tíì bò ó. Ẹ wà á jáde, kí ẹ máa tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ títí á fi gbẹ."

Bàbá mi kórìíra wàhálà títì lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí ó máa wá bá àwọn wà á. Kí ó má baà gbé ọkọ̀ sá lọ, wọ́n ní kí n máa jókòó tì í. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé mi lé e lọ́wọ́.

Costain la máa ń lọ, a ó sì yí padà. Tíṣà ni mí ní Yaba, mo gbọ́n lójú ara mi, àmọ́ ọkùnrin yìí máa ń mú mi rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa ro mí. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Tíṣà mi, bíréèkì yìí ti gbẹ láti Ojúẹlẹ́gbà."

"Mo mọ̀."

"Kí la wá ń wá ní Costain?"

Mo fẹ́ràn rẹ̀, inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọjọ́ tó wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nípa mi, ilé gbóná.

"Mẹkáníìkì! Hilda, ṣé torí mẹkáníìkì ni mo ṣe rán ọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì? Kó má tún fẹsẹ̀ kan ilé yìí mọ́. Màá tọ́jú bíréèkì mi fúnra mi."

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi sunkún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí a ti ń yà wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Yaba, bàbá mi tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá ìjọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi yára yí ọwọ́ ọkọ̀, a kọlu ògiri. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó fara pa.

"Mẹkáníìkì yẹn ló fẹ́ pa mí, torí mo fi ọmọ dù ú!" Bàbá mi ń pariwo. "Ẹ bá mi pe ọlọ́pàá!"

Àwọn àgbà ìjọ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ mú un wá láti Múṣin. Bí ẹ̀sùn yìí bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, èmi náà kò sì ní rí i fẹ́ láéláé.

Ọláṣùpọ̀ dé, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tú táyà iwájú, ó fi ìka kan àwo irin náà, ó gbé e sí imú. Òórùn náà dé ọ̀dọ̀ mi. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi ni, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí wọ́n ti kú. Ọláṣùpọ̀ wo bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀.

"Ta ló ba bíréèkì yìí jẹ́?" ni àgbà ìjọ kan bi í.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún un ṣe, sà."

Mo la ẹnu. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá máa pè mí lọ́mọ burúkú, kí wọ́n pè mí, n ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ṣáájú mi.

"Èmi ni." Wọ́n nàka sí àwo irin náà. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀rọ ìyá Hilda fi wà, kò dípẹtà. Mo rò pé òróró tó gba ẹ̀rọ á gba bíréèkì, mo fi pa á lánàá, n kò mọ̀ pé á máa yọ̀. Ọmọ yìí kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, ìyá ìjọ kan ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi.

Ọláṣùpọ̀ fi pẹtiróòlù nu àwo náà mọ́. Ó yọ páàdì, èyí tó ń di àwo náà mú, tó ti mu òróró, dànù, ó fi tuntun tó mú wá síbẹ̀, ó sì wà wá délé. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, bàbá mi pè é.

"Ọláṣùpọ̀."

"Sà."

"Màá fọ ọkọ̀ ní Sátidé. Wá bá mi tẹ bíréèkì."

"Màá wá, sà."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Kí o mú bàbá àti ìyá rẹ dání. Àti pé, jọ̀wọ́, wọ bàtà tó bára mu."