Ìkọ́ Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Aṣọ kọ́ ló já. Aṣọ pupa náà bọ́ lódindi láti òkè àjà, ó bo obìnrin tó wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀, débi pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ síta, ẹsẹ̀ náà sì kọjú síbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í kọjú sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wò fà sẹ́yìn.

Olùkọ́ ni obìnrin tó bọ́ yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, òun náà jẹ́ olùkọ́ nínú gbọ̀ngán eré yìí. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Àǹtí Òkè nítorí pé ilẹ̀ kì í gbà á. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni kí wọ́n kọ́ tọmọdé tàgbà bí wọ́n ṣe ń gun aṣọ gígùn tí wọ́n so rọ̀ láti àjà, kí wọ́n fi wé ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa yí lófuurufú bí ẹni tí kò léegun. Iṣẹ́ tó lẹ́wà ni, àmọ́ ìkọ́ irin kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tó ní ẹnu tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n sì ń tì, ló gbé gbogbo ẹwà náà dání.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ẹsẹ̀ mi lára mọ́."

"Má sọ̀rọ̀. Má mira."

Àǹtí Òkè gbójú sókè láti wá ẹni tó máa pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ó sì rí Bàbá Ìkọ́ tó ń sáré bọ̀. Bàbá Ìkọ́ ló ń fi ìkọ́ sí àjà nínú gbọ̀ngán náà. Aláwàdà ni, onínúure, ẹni tí kì í kọjá ọmọdé kan láì fún un ní súìtì. Ó sáré kọjá ẹni tó wà nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó ṣa nǹkan, ó sì fi í sínú àpò. Ojú Àǹtí Òkè rí i, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ta ló ń wo àpò ènìyàn nígbà tí ọmọ ìyá ẹni wà nílẹ̀?

Ọlọ́pàá obìnrin tó wá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó jókòó sínú ọ́fíìsì Màdáámù, ẹni tó ni gbọ̀ngán, ó gbé ìkọ́ tí Bàbá Ìkọ́ mú fún un lé orí tábìlì. Ìkọ́ náà dán, ó pé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Ṣé èyí ló wà lókè aṣọ pupa?"

"Òun ni," Bàbá Ìkọ́ dáhùn. Omi wà lójú rẹ̀. "Kò já o. Wọn ò ti ẹnu rẹ̀ ni."

"Ta ni kò tì í?"

Bàbá Ìkọ́ wolẹ̀. "Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ Àǹtí Òkè ló fi aṣọ kọ́ ọ láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ni ọlọ́pàá bi Àǹtí Òkè.

"Èmi ni," ni Àǹtí Òkè wí. "Mo tì í. Mo fọwọ́ fà á wò."

"Ta ló rí yín?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Òfin kan wà nínú gbọ̀ngán náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ẹni tó bá fi ìkọ́ sí àjà ni yóò kọ́kọ́ fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn kí ọmọ ẹlòmíràn tó gùn ún. Láti ìgbà tí Bàbá Ìkọ́ ti ní ẹ̀yìn ń dun òun ni wọ́n ti káàánú rẹ̀, tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú òfin yìí. Àánú ló ṣe wọ́n, kò burú. Àmọ́ àánú náà ló fẹ́ pa wọ́n lọ́mọ yìí.

"Àǹtí Òkè, máa lọ sílé ná," ni Màdáámù wí, kò sì wo ojú rẹ̀. "Gbọ̀ngán ò ní tì. Àwọn òbí ń bọ̀ ní Sátidé wá wo àwọn ọmọ wọn."

Wọ́n ti lé e níṣẹ́, wọ́n ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀, ohun tó ń já a láyà jù ni pé àwọn ọmọdé á tún gòkè ní Sátidé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì funfun di ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan dún kà lókè kí n tó bọ́."

"Dún báwo?"

"Bí eegun tó kán. Ìkọ́ tó kàn ṣí ẹnu kì í dún bẹ́ẹ̀."

Ìgbà náà ni ohun tí Àǹtí Òkè fojú rí lọ́jọ́ yẹn padà sọ́kàn rẹ̀. "Ó fò ọ́ kọjá nílẹ̀. Ó lọ ń ṣa nǹkan."

"Ta ni?"

"Bàbá Ìkọ́."

Àbúrò rẹ̀ rántí ohun kan. Nínú gbọ̀ngán wọn, bí ọmọ kan bá gun aṣọ kan tán, gbogbo wọn á pààrọ̀ ibi, kí ara ẹnikẹ́ni má bàa mọ aṣọ kan ṣoṣo. Ọmọ kan péré ni kì í pààrọ̀. Ọmọ Bàbá Ìkọ́ ni, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ológìnní nítorí bó ṣe ń gun aṣọ. Baba rẹ̀ ní àyà máa ń fún un, ó ní kó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn wà.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé?" ni àbúrò béèrè.

"Ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún náà ni."

"Àyà Ológìnní ò fún rí. Ọmọ tó ń kọrin lókè."

Wọ́n wo ara wọn. Kí ló wà lára ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí kò sí lára àwọn yòókù?

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé ìwé, Àǹtí Òkè fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngán. Àwọn aṣọ dúró ṣánṣán láti àjà, kò sí èyí tó mì. Ó gbé àkàbà, ó gòkè, ó rákòrò lọ sórí àwọn irin gbọọrọ tó dá àjà dúró. Ó di ìkọ́ àkọ́kọ́ mú. Ó fúyẹ́ jù. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀dà ara rẹ̀, inú rẹ̀ dúdú, ó ní ihò wínníwínní bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ìkejì, èyí tí Bàbá Ìkọ́ ti tún fi gbé aṣọ pupa kọ́, bẹ́ẹ̀ náà. Ó ń lọ láti orí irin kan sí èkejì, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀, torí ó ń rántí orúkọ ọmọ tó gun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èyí wúwo. Ó tutù, ó le, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà lára rẹ̀. Ìkọ́ gidi ni. Òun nìkan ló jẹ́ gidi nínú gbogbo gbọ̀ngán.

Ó tú ayédèrú kan sínú àpò rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá Ìkọ́ wọlé, fóònù wà létí rẹ̀. "Ojúlówó ti tán lọ́wọ́ mi," ló ń wí. "Ó ku ẹyọ kan. Ìyẹn kì í ṣe fún títà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ki fóònù bọ àpò. Lẹ́yìn náà ló rí àkàbà.

Àǹtí Òkè dojú bolẹ̀ lórí irin, kò mí. Ọkùnrin náà kò wòkè. Ó ká àkàbà náà pọ̀, ó gbé e jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, ó gbé e síta.

"Òkè yẹn ga o," ló sọ sínú gbọ̀ngán òfìfo. "Aṣọ pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kó mú èyí tó wù ú."

Ó tilẹ̀kùn. Láti orí àjà, Àǹtí Òkè ń wò ó gba ojú fèrèsé kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn: ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta, ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ń dúró de ìró ohun tó máa jábọ́. Ọkùnrin tó ń fún ọmọdé ní súìtì.

Àǹtí Òkè rákòrò padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ aṣọ Ológìnní, ó yọ̀ wálẹ̀. Ìfẹ́ tí baba ní sí ọmọ rẹ̀ ló gbé e délẹ̀. Ó gba fèrèsé náà jáde sẹ́yìn ilé, ó sì sá.

Ọlọ́pàá obìnrin náà yí ayédèrú ìkọ́ náà lọ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ mú un wá. Bàbá Ìkọ́ á ní ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀."

"Mo gbọ́ ohun tó sọ."

"Ẹ̀yin nìkan. Bí mo bá tilẹ̀ kó gbogbo wọn wálẹ̀, á ní ẹni tó tà á fún òun ló rẹ́ òun jẹ. Irin ò lẹ́nu, Àǹtí. Mo fẹ́ kí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀."

Àǹtí Òkè ronú títí. Ohun tó wá sí i lọ́kàn kò dùn mọ́ ọn. "Ó ní ohun kan tí kò ní lè fẹnu pa mọ́," ló wí nígbẹ̀yìn, "àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ bá mi wá ìkọ́ gidi fún gbogbo àjà yẹn. Bí ẹyọ kan bá kù, mi ò ṣe."

Ní Sátidé, kí oòrùn tó mú, gbọ̀ngán mìíràn ti yá wọn ní ìkọ́. Àǹtí Òkè fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n sókè. Ó gun gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ wọn. Màdáámù dúró nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí," ló ń wí ṣáá.

Àwọn òbí dé, wọ́n jókòó. Bàbá Ìkọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì ńlá kan kọ́ èjìká. Ológìnní ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun àti baba òun ń rìnrìn àjò lẹ́yìn eré. Nígbà tí ọkùnrin náà rí Àǹtí Òkè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Àbúrò yín ṣì ní ẹsẹ̀ kan tó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa rọra."

"À ń rọra," ló dá a lóhùn.

Àwọn ọmọ gun ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n sọ̀kalẹ̀, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Àǹtí Òkè náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ pààrọ̀ ibi. Gbogbo yín. Ológìnní, ìwọ náà, bọ́ síbi aṣọ pupa."

"Àǹtí, àyà rẹ̀," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ológìnní, ṣé àyà ń dùn ọ́?"

"Rárá o, Àǹtí. Àyà ò dùn mí rí."

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti di aṣọ pupa mú, ó ti ń gùn, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Àǹtí Òkè kò lè wo ọmọ náà. Ó mọ̀ pé ewu kankan ò sí lókè, síbẹ̀ ojú ń tì í pé ọmọ aláìmọ̀kan lòun fi ń dẹ pàkúté fún baba rẹ̀. Baba ọmọ ló ń wò. Báàgì ti bọ́ léjìká rẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ kò jáde tán. Ọmọ náà ń gòkè. "Sọ̀kalẹ̀! Ìkọ́ yẹn ò lè gbé ọ!"

Ọlọ́pàá obìnrin tó jókòó láàárín àwọn òbí, tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, dìde.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ìyá ọmọ kan ló kọ́kọ́ yé. Ó dìde jẹ́jẹ́. "Ìkọ́ yẹn ni ọmọ tèmi gùn tán báyìí," ló wí. Bàbá Ìkọ́ já wọ yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó tilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó kó sínú mọ́tò rẹ̀. Ó ṣáná sí i. Ọ̀nà ò sí. Àwọn òbí ti páàkì bó ṣe wù wọ́n, ìwà tí Màdáámù ti ń bá wọn jà lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á jáde.

Nínú ọ́fíìsì, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Ta lo tà wọ́n fún?"

"Àwọn tó ń gun ilé gíga nu gíláàsì."

"Kí lo fi rọ́pò wọn?"

"Ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò òdòdó kọ́. Mo kun wọ́n."

"Èyí tó já ńkọ́?"

"Mo jù ú sómi. Gidi kan tó kù lọ́wọ́ mi ni mo mú fún yín dípò rẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò fi ta ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé?"

Ó fọwọ́ bojú. "Ọmọ mi ni."

"Àwọn yòókù ńkọ́? Ta ló bí wọn?"

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Àmọ́ wọn ò ní ká bọ́ tìdí ọmọ ẹlòmíràn lọ tà.

Wọ́n mú un lọ. Màdáámù dá Àǹtí Òkè padà sẹ́nu iṣẹ́ níṣojú gbogbo òbí. Àbúrò rẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ó ń jókòó sórí àga nínú gbọ̀ngán, ó ń fẹnu kọ́ni, ó sì ń bú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá nà dáadáa. Bí Àǹtí Òkè bá gbọ́ ohùn yẹn, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Ológìnní pẹ́ kó tó padà. Ìyá ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, àwọn ọmọ yòókù sì ń wò ó.

"Wọlé, ọmọ mi," ni Àǹtí Òkè wí. "Èwo lo fẹ́ gùn?"

Ọmọ náà kò wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rárá. Ó nawọ́ sí aṣọ pupa tó wà láàárín. Ó lọ síbẹ̀, ó dì í mú, ó sì tún jù ú sílẹ̀.

"Ta ló fi ìkọ́ síbẹ̀, Àǹtí?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gùn ún kí n rí."

Àǹtí Òkè kò bínú. Ó bọ́ bàtà, ó gùn ún dé òkè pátápátá, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀. Ọmọ náà dúró nísàlẹ̀, ó gbójú sókè, ìkọ́ ló ń wò.