Ẹsẹ̀ Tó Tẹ Bíréèkì

Ẹ lè gbà mí gbọ́, ẹ sì lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn.

Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí bó ṣe ń tú nọ́ọ̀tì ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀: "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ọkọ̀ kékeré kan tó ń sáré bí ọfà. Pápá ìsáré-ọkọ̀ ló máa ń gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi àwo bíréèkì ńlá sí i, àti páàdì tí kì í bẹ̀rù iná.

Ó ku ọ́ìlì bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọ́ìlì yẹn máa ń fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń mutí ní kọ̀rọ̀. Lójú títì lásán, àṣírí rẹ̀ kì í tú. Ní pápá, bíréèkì á gbóná, omi inú rẹ̀ á hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì wọlẹ̀ bí ẹni tó tẹ tìmùtìmù. Ènìyàn méjì ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan á jókòó sínú ọkọ̀, á máa tẹ bíréèkì. Èkejì á wà nídìí táyà, á máa tú nọ́ọ̀tì kékeré kan kí ògbólógbòó ọ́ìlì lè jáde.

Ìyàwó Ọ̀gá ló máa ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rìnrìn àjò. Ọ̀gá kò fẹ́ bẹ télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó kọ ọ́ sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì: "A ti pààrọ̀ ọ́ìlì."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ẹ̀ ti pé?" ni àbúrò rẹ̀ bi í nígbà tó wá gbé ọkọ̀.

"Ó pé."

Irọ́ náà fúyẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ìyẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkọ̀ padà dé láti pápá. Àbúrò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn.

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ pátápátá. Mo ní ó ti parí."

"Báwo lo ṣe dúró?"

"Nǹkan kan tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi kọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ wo lẹ fi sí i tí ẹ ò sọ? Ẹ mà gbówọ́ o!"

Ó ń ṣe Ọ̀gá bíi kí ilẹ̀ lanu. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Àbúrò lọ rẹjú lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ́fíìsì. Ọ̀gá dúró kí ọkọ̀ tutù. Lẹ́yìn náà, ó gbé jáàkì, ó mú sípánà. Ó fẹ́ parí iṣẹ́ náà kó tó jí. Yóò tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, yóò sì máa sáré padà sídìí táyà.

Ó dùbúlẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Tẹ̀ ẹ́."

Bíréèkì dún. Ìì.

Kò sí ẹnì kankan nínú ọkọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ tú nọ́ọ̀tì náà. Ọ́ìlì jáde, ó dúdú bíi kọfí. Ó de nọ́ọ̀tì náà padà. "Tú u sílẹ̀." Ohun tó wà lórí bíréèkì tú u sílẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ń rọ tuntun sí i, ó ń lọ láti táyà dé táyà, kò gbójú sókè. Ní táyà kẹrin, ọ́ìlì mọ́ bí omi òjò.

"Tú u sílẹ̀."

Bíréèkì kò gbéra.

"Jọ̀ọ́. Tú u sílẹ̀."

Iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀, tó máa ń tàn bí ẹsẹ̀ bá wà lórí bíréèkì, ṣì ń tàn.

"Ẹ̀gbọ́n?" Àbúrò rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló ń bá yín tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sí..."

Iná náà ò kú. Òógùn bo ojú Ọ̀gá. Ó ya pépà náà kúrò lára gíláàsì.

"Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mi ò pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Ǹ bá ti pa ọ́."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iná pupa kú.

Àbúrò rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé àga awakọ̀, ó sì yára fà á padà.

Àga náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.