Ẹsẹ Kẹrin Orin Ọkọ Mi

Ẹsẹ mẹ́ta péré ni Boma kọ nínú orin tó fi ki ọkọ mi. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí rédíò, ẹsẹ kẹrin wà nínú rẹ̀, Yorùbá pọ́nńbélé sì ni. Boma, olórin ọmọ Borokiri létí omi, kò lè fi Yorùbá kí ènìyàn.

"Ta ló ni mí o?"

Ohùn náà dá orin, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń retí ègbè. Kò sẹ́ni tó gbè é. Omi nìkan la ń gbọ́ nínú rédíò, tó ń gbá ara ọkọ̀ ojú omi.

Ọwọ́ Adékọ̀yà ọkọ mi dúró lórí oúnjẹ. "Moríyọ̀, o gbọ́?"

Mo gbọ́. Ohùn Gbénga ni, àbúrò rẹ̀ tí omi gbé lọ lọ́nà Bonny ní 2003, tí a ò rí òkú rẹ̀ sin.

Gbénga máa ń gbe orin fún Boma nílé ọtí kan létí omi. Ọkọ mi, ọ̀gá aṣọ́bodè, ní ìdílé àwọn kì í ṣe alágbe. Lọ́jọ́ kan tó bá àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ débẹ̀, Gbénga fi orin pè é ní ẹ̀gbọ́n òun.

"Oga, na your brother be that?" ọ̀kan nínú wọn bi í.

Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Gbénga gbọ́. Kò padà sílé wa mọ́. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló gbà lọ.

Nígbà tí ọkọ mi wá gba ìgbéga, Boma kan náà ló bẹ̀ pé kó ki òun.

A lọ bá Boma. Orin ọwọ́ rẹ̀ kò ju ẹsẹ mẹ́ta lọ.

"I no put anything join am," ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Me sef hear am for radio. I fear."

Lọ́jọ́ Sunday kejì, ohùn náà tún dé. "Ta ló ni mí o?"

"Bàbá Ìyanu, ẹ má dá a lóhùn!" mo ké sí ọkọ mi.

Mo nawọ́ láti pa rédíò. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ẹni tí n kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí, ó gbè é tẹkún-tẹkún: "Èmi ni mo ni ọ́ o."

Ó wá kúnlẹ̀, ó fẹ́ tọrọ àforíjì. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Títí dòní kò lè sọ̀rọ̀, dókítà ò sì rí nǹkan kan lọ́fun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú rédíò lọ́jọ́ náà, ègbè ò dúró. Ohùn ọkọ mi ni.