Àyè Orúkọ

Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ yìí ní àlọ́, kò burú, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Kíláàsì tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní Sakété, àwọn ọmọ ṣì ń kàwé nínú rẹ̀. Orin náà ṣì wà nínú fóònù àwọn èèyàn. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè wá a gbọ́. Èmi ò gbọ́ ọ, mi ò sì ní í gbọ́ ọ láéláé.

Ẹnìtàn ará Pobè ló kọ ọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ta gìtá ní àwọn buvette, ilé ọtí, orin rọ́ọ̀kì àwọn ẹlòmíràn ló sì ń kọ káàkiri. Àwọn èèyàn mọ gbogbo orin tó ń kọ, wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni tó ń kọrin òyìnbó yẹn" ni wọ́n ń pè é. Pacôme àbúrò rẹ̀ ló ń lu ìlù fún un, ó sì máa ń lù ú bí ẹni ń pa ejò. Ìyá wọn ti kú, baba wọn ti kú. Ẹnìtàn ló tọ́ Pacôme dàgbà, kò sì ní ẹlòmíràn láyé tó fẹ́ràn tó o.

Orin kan ṣoṣo ló jẹ́ tiwọn. Orin arò ọdẹ ni. Fádèyí, baba àgbà wọn tó ń gbé ní abúlé lẹ́yìn Pobè, ló kọ́ wọn. Nígbà tó kọ́ wọn tán, ó di ọrùn ọwọ́ Ẹnìtàn mú.

"Níbi tí orin ti béèrè pé, 'Ta ló ń lọ lónìí?', orúkọ òkú ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ fi Èṣùbíyìí sí i, baba tó bí mi. Ó ti lọ tipẹ́. Ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

"Tá a bá fi sílẹ̀ ńkọ́, Baba?"

"Ilé tó ṣófo, ṣé ẹ mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́?"

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ orúkọ òkú nídìí ọtí? Èyí tó tún ní Èṣù nínú, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á fi máa yínmú. Ẹnìtàn yọ orúkọ náà kúrò. Bí orin bá dé ibẹ̀, á pa ẹnu dé, Pacôme á sì fi ìlù bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, gbà, gbà, gbà, gbà, kí Ẹnìtàn tó gbà á pé, "ló ń lọ." Àwọn èèyàn á máa fò sókè. Ọdún méjì kọjá báyìí, ohunkóhun ò ṣe ẹnikẹ́ni. Ọkàn wọn balẹ̀.

Ìgbà náà ni Arlette dé láti Porto-Novo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwọn olórin ní fídíò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìsí ariwo, láìsí iná: gìtá kan, ohùn kan.

"Orin ọdẹ yẹn ni mo fẹ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìlù."

Pacôme rẹ́rìn-ín. "Fòfó, ẹ̀yin ẹ lọ. Èmi á dúró sílé." Fòfó ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti kékeré, bí àwọn Gùn ṣe ń pè é.

Ẹnìtàn mọ̀ pé ohun tí òun ti ń wá láti ọdún mẹ́rìndínlógún wá nìyí. Lórí ọ̀kadà tó ń gbé e lọ sí kíláàsì tí Arlette yàn ní Sakété, ó rántí Èṣùbíyìí. Ó rò ó pé kí òun fi orúkọ náà sí i. Ó tún ro àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yóò dùn níbẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú ọyẹ́. Wọ́n ti fèrèsé kíláàsì pa, òórùn ṣọ́ọ̀kì gba ibẹ̀ kan. Ewúrẹ́ kan ń ké níta. Ẹnìtàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó kọrin bí kò ṣe kọ ọ́ rí. Ta ló ń lọ lónìí? Ó pa ẹnu dé. Ó ń kà á nínú. Ọ̀kan. Ewúrẹ́ náà dákẹ́. Èjì. Ẹ̀ta. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹ̀rin. Ló ń lọ.

Arlette fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí, ó gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ṣé ẹ mọ ìyá mi ni?"

"Rárá o."

"Kí ló dé tí ẹ fi pe Huguette?"

"Mi ò pe ẹnì kankan."

Ẹnìtàn gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi bo etí. Ta ló ń lọ lónìí? Fádèyí ló ń lọ. Ohùn Ẹnìtàn fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé.

Arlette ní ó ti rẹ àwọn méjèèjì ni. Ó gbé orin náà jáde lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹta, Fádèyí kú. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, ẹnikẹ́ni ò wádìí. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí Arlette fi pè lórí fóònù, ẹkún ló ń sun pé ìyá òun ti kú. Ó ti yọ orin náà kúrò. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Orin náà ti wọ fóònù gbogbo ayé.

Ní ọjà Pobè, Fabiola tó ń ta búrẹ́dì sáré dì mọ́ Ẹnìtàn.

"Ẹ ṣé o! Ẹ ṣé tẹ́ ẹ pe Merveille ọmọ mi nínú orin!"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìtàn kúrò níbẹ̀ láìra ohun tó wá rà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, orin náà ń dún nínú àpò rẹ̀. Ọwọ́ Ẹnìtàn ò tètè dé etí. Ta ló ń lọ lónìí? Pacôme ló ń lọ. Jẹ́jẹ́ ni ohùn náà pè é, bó ṣe máa ń pè é wá jẹun nígbà tó wà ní kékeré.

Ẹnìtàn sáré lọ bá àbúrò rẹ̀. Pacôme ń nu alùpùpù rẹ̀ lọ́wọ́, ó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Onigbolo.

"Má lọ lónìí."

"Kí ló dé, Fòfó?"

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún ọmọ ìyá ẹni?

"Ẹ jẹ́ n lọ. Bí mo bá ṣíwọ́, màá wá gbé yín níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà."

"Sakété. Ní kíláàsì yẹn. Aago mẹ́rin."

Ẹnìtàn padà síbẹ̀ pẹ̀lú gìtá. Ó ti fèrèsé pa, ó gbé fóònù síwájú ara rẹ̀ kó máa ya á, ó kọrin. Ta ló ń lọ lónìí? Ó la ẹnu gbàù, ó pe orúkọ ara rẹ̀: Ẹnìtàn ló ń lọ. Ó fẹ́ lọ dípò Pacôme. Tọkàntọkàn ló fi fẹ́ ẹ.

Ó tẹ fóònù láti wo ohun tó yà. Ó rí ara rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí, tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ohùn kankan ò jáde. Ibẹ̀ ṣófo. Ló ń lọ.

Ó tún un kọ. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń sunkún. Orin náà ò gba orúkọ rẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá. Oòrùn fi ògiri kíláàsì sílẹ̀. Ó pe fóònù Pacôme, fóònù náà ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ewúrẹ́ kan ti ń ké níta láti ọ̀sán. Ó dákẹ́.

Ẹnìtàn fi àtẹ́lẹwọ́ lu bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bí Pacôme ṣe máa ń lù ú. Ó tẹ́tí sí ọ̀nà Pobè, bóyá òun á gbọ́ alùpùpù. Ó tún lù ú.